Mo fẹ́ fowó ti àbúrò ọkọ mi tó ń ta póòkà, ṣé òfin tí mo kà sílẹ̀ yìí tó?

Ìyá Ìbejì Notts:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí mo ti ń rò ó láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì lẹ́ni tí mo lè bi níbí, gbogbo ẹni tí mo bá bi ní ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà ìdáǹdè ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà fún mi.

Àbúrò ọkọ mi ni. Ọmọ ọdún 27. Ọkọ Kékeré ni mo máa ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, ìgbà yẹn ó ṣì ń wọ ṣòkòtò ilé ìwé, òun ló gbé àpótí mi wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó ń ta póòkà. Kì í ṣe tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù o, èyí tí wọ́n ń pè ní Texas hold'em yẹn, tí wọ́n máa ń fún èèyàn ní káàdì méjì sọ́wọ́, márùn-ún á wá wà lójú tábìlì fún gbogbo yín. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa ń ta lọ́jọ́ iṣẹ́, tó bá di wíkẹ́ńdì á lọ jókòó sí tábìlì £1/£2 ní kásínò (£1 àti £2 ni owó tó di dandan kí ẹni méjì fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì), £200 lòun fi ń jókòó níbẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n ta ṣùgbọ́n mo ti jókòó tì í wò ó, ọmọ náà mọ ohun tó ń ṣe. Á jí láàárọ̀, á ṣí kọ̀ǹpútà, á máa wo gbogbo ọwọ́ káàdì tó ta lánàá lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bá ara ẹ̀ jà pé kí ló dé tó fi san owó yẹn. Ó fi gíráàfù èrè àti àdánù ẹ̀ fún oṣù 14 hàn mí, òkè ló ń lọ.

Ibi tí wàhálà ẹ̀ wà ni pé tó bá ti pàdánù ọwọ́ kan tí kò yẹ kó pàdánù, orí ẹ̀ á dàrú. Ní November tó kọjá, wọ́n gba £400 lọ́wọ́ ẹ̀ lórí tábìlì £1/£2, dípò kó dìde kó máa bọ̀ nílé ó ṣí lọ sí tábìlì tí wọ́n ti ń fi £1,000 jókòó, kílẹ̀ tó mọ́ £3,100 ti lọ, gbogbo owó tó ń fi ṣe é pátápátá, £80 tó kù sápò ó lọ kó o lé rúlẹ́ẹ̀tì, tẹ́tẹ́ àgbá tó ń yí yẹn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló kan ilẹ̀kùn wa. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé, mi ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, ẹ̀wà àná ni mo ń gbé kaná. Ó jẹ abọ́ méjì, ó ń jẹun ó ń sunkún, mi ò mọ èyí tí mo máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dáwọ́ ẹ̀ dúró.

Ó wá ní kí n fún òun ní £4,000 kóun fi bẹ̀rẹ̀ padà, ká jọ máa pín èrè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, £6,000, kò sí ohun kánjúkánjú tí mo fẹ́ fi ṣe. Òfin tí mo sọ fún un rèé. Owó ò ní dé ọwọ́ ẹ̀, àkáǹtì ọ̀tọ̀ ló máa wà lórúkọ mi, £200 £200 ni màá máa fi ránṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ jókòó síbi tó ju £1/£2 lọ, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan rúlẹ́ẹ̀tì tàbí bọ́ọ̀lù. Tó bá ti pàdánù £400 lọ́jọ́ kan, kó dìde, kó tilẹ̀ jẹ́ pé òpè pọ̀ lórí tábìlì bí eṣú. Lálaalẹ́ kó tó dìde á ya fọ́tò chips ẹ̀, àwọn ike róbótó tí wọ́n fi ń dípò owó lórí tábìlì, fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà á ní password ẹ̀ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kí n lè máa wọlé wò ó. Èrè, ìdajì ìdajì, ṣùgbọ́n tó bá ti pàdánù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá owó mi padà ká tó pín nǹkan kan. Tó bá rú ẹyọ kan nínú ẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ó ní òun gbà gbogbo ẹ̀. Kíá ló gbà á, ìyẹn gan-an ló ń ba mí lẹ́rù díẹ̀. Ọkọ mi ní owó mi ni, kí n má ṣá dárúkọ òun sí i.

Ìbéèrè mi: ṣé òfin yìí tó? Kí ni mo gbàgbé? Báwo lèèyàn sì ṣe ń fọwọ́ líle mú ẹni tó ń pè ní ọkọ?

Alájọ Peckham:

Ẹ kú owó àjọ o Ìyá Ìbejì. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, ó ti tó bí ọdún mẹ́ta báyìí, ọ̀rẹ́ mi ni mo fowó tì kì í ṣe ẹbí, ìyẹn ló yọ mí, tó bá jẹ́ ẹbí ni, à bá ṣì máa ṣèpàdé lórí ẹ̀ títí dòní.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "kó dá owó mi padà ká tó pín" yẹn, torí ẹ kàn sọ ọ́ kọjá ni. Makeup làwọn tó ń ṣe é ń pè é. Ẹ fún un ní £200, ó jó. Ẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó jó. Makeup ti di £600. Lọ́jọ́ kẹrin ó jèrè £900, £600 tiyín ni, £300 tó kù lẹ máa pín, £150 fún ẹ̀yin, £150 fún òun. Ó dùn létí àbí? Ó dáa, ká wá ní makeup ti wọ £2,000, ọmọ yìí jókòó wákàtí mẹ́wàá, kò sùn, ó jèrè £700, ó dìde, kò sí kọ́bọ̀ tó kàn án níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ó tún jèrè £400, kò sí kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ti di ti ìwọ̀fà nìyẹn. Ìwọ̀fà á roko olówó láti àárọ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe kò dín owó tí wọ́n yá kù, èlé ló ń fi iṣẹ́ san. Makeup ṣì sàn jùyẹn lọ, torí ó ń dín lóòótọ́, àmọ́ ẹ lọ bi ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀, bákan náà ló ń rí lára ẹ̀. Ó lè lóun ò ní fara balẹ̀ ta á mọ́, kóun kúkú ta á bí wèrè, bóyá òun á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣebí tó bá jó owó ẹlòmíì ló jó. Ó sì lè lọ wá owó síbòmíì láìsọ fún yín.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni ìkejì. Ọ̀rẹ́ mi náà máa ń fi fọ́tò chips ránṣẹ́ lálaalẹ́, bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é yẹn gẹ́lẹ́. Mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ kan mo ń pa fọ́tò rẹ́ lórí fóònù torí àyè ti tán, ni mo rí i pé ẹnì kan ti da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ chips ẹ̀, ìdí ife ti ya àmì róbótó sórí aṣọ tábìlì, ó ku díẹ̀ kó pàdé ara ẹ̀ bí òṣùpá tó fẹ́ kún. Mo sún un kọjá. Mo dé fọ́tò míì, ti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àmì tíì yẹn náà, òṣùpá kan náà, chips kan náà. Fọ́tò kan ló ń pín fún mi bí ẹni pín kéèkì. Nígbà tí mo tú u wò tán, èmi nìkan kọ́ ló ń fowó tì í. Èmi ní ìdajì èrè ẹ̀, ẹnì kan ní Luton ní ìdajì, ẹnì kẹta tún ní ìdajì. Ẹ bá mi ṣírò ìdajì mẹ́ta. Tó bá jèrè ńkọ́, níbo ló ti fẹ́ rówó san fún wa? Pípàdánù ló rọrùn fún un jù.

£2,700 ni makeup wà lọ́jọ́ tá a tú ká. Mi ò rí kọ́bọ̀ gbà, mi ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí nínú irú àdéhùn yìí, tẹ́ ẹ bá ti tú u ká, ẹni tó ni owó ló gbé àdánù, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé gbèsè ni. Ẹ lọ bi ara yín, ṣé gbèsè ni tàbí kì í ṣe gbèsè? Ẹ kọ ọ́.

Màmá Àgbà Ṣàgámù:

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń ṣe gíráàfù fún tẹ́tẹ́. Ó dáa.

Ìyá Ìbejì, mi ò mọ póòkà, ilé ọkọ ni mo mọ̀. Ọjọ́ tí nǹkan yẹn bá bàjẹ́, tí ọmọ náà bá lọ gbé owó kan tí kì í ṣe tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé káàdì ló bà á jẹ́. Ìyàwó wọn ló ń fún un lówó tẹ́tẹ́, ohun tí wọ́n máa sọ nìyẹn, wọ́n á sì sọ ọ́ títí táwọn ìbejì á fi dàgbà gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ tó ní kí o má dárúkọ òun yẹn, ó ti rí i ṣáájú rẹ ni. Àbúrò ẹ̀ ni, kí ló dé tí òun ò fún un?

Káàdì Ò Purọ́:

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ lẹ sọ nípa ilé ọkọ o, mi ò lè jiyàn yẹn, ṣùgbọ́n póòkà àti rúlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní rúlẹ́ẹ̀tì, ilé lẹ ń bá ta, ilé ò sì lè pàdánù tó bá pẹ́. Ní póòkà èèyàn bíi tiyín lẹ ń bá ta, kásínò kàn ń yọ ìpín tiẹ̀ nínú owó tẹ́ ẹ fi ń ta ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù máa jèrè, tó bá pẹ́. "Tó bá pẹ́" yẹn ni gbogbo ìyà wà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí láti bí ọdún mọ́kànlá, wọ́n ti fowó tì mí, èmi náà ti fowó ti èèyàn. Ẹ jẹ́ n bá yín wo òfin yín, Ìyá Ìbejì.

Password: ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta póòkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò gbà kí èèyàn méjì máa lo àkáǹtì kan, tí wọ́n bá rí i pé fóònù yín náà ń wọlé síbẹ̀ wọ́n lè ti àkáǹtì pa pẹ̀lú owó tó wà nínú ẹ̀. Kó gba àkọsílẹ̀ ọwọ́ tó ta jáde kó fi ránṣẹ́ sí yín. Fọ́tò chips: ẹ ti gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham.

Gíráàfù oṣù 14 yẹn, ẹ tún un gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn sọ́fúwià tó ń yà á, bíi PokerTracker, èèyàn lè yan ohun tó máa hàn nínú ẹ̀, ó lè yọ oṣù kan kúrò, ó lè yọ tábìlì ńlá kúrò kó ku kékeré nìkan, gíráàfù á máa gòkè bíi ti Ọlọ́run. Ẹ jókòó tì í kó ṣí i lójú yín, kó yọ gbogbo àṣàyàn kúrò. Ṣé November wà nínú gíráàfù tó fi hàn yín? Ẹ lọ wò ó.

£4,000, buy-in 20 nìyẹn, ìyẹn ni pé ó lè fi £200 jókòó sí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́nà méjì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa, tí kò ṣe àṣìṣe kankan, lè pàdánù ogún yẹn tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. Mo ti ṣe é rí, kì í ṣe pé mo ya wèrè, káàdì ni kò wá. Torí náà tẹ́ ẹ bá fún un, ẹ gbà pé ó ti lọ.

Ní ti £400 tẹ́ ẹ ní kó fi dìde, ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló máa dìde fún yín? Aago mẹ́ta òru, ẹ wà níbi iṣẹ́. Òfin tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ rú u náà ni yóò ṣọ́ ọ, kò tíì di òfin.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan. Ọkùnrin kan wà, Stu Ungar, ọmọ New York, ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò sẹ́ni tó mọ káàdì tó o láyé yìí. Ó gba World Series of Poker, ìdíje póòkà tó lókìkí jù láyé, ní 1980, ó tún gbà á ní 1981. Kokéènì àti tẹ́tẹ́ ẹṣin ló kó gbogbo ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 1997 kò ní $10,000 tí wọ́n fi ń wọ ìdíje yẹn, Billy Baxter, atatẹ́tẹ́ bíi tiẹ̀, ló san án fún un nígbà tí ìdíje ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 312 ló wọlé. Ungar wọ awò ojú búlúù róbótó kan torí imú ẹ̀ tí kokéènì ti jẹ. Ìta gbangba ní Fremont Street ní Las Vegas ni wọ́n gbé tábìlì ìkẹyìn sí, nínú oòrùn, ó gbà á, ìgbà kẹta. Million kan dọ́là, òun àti Baxter pín in ní ìdajì ìdajì.

Ẹ wá wo ohun tí Baxter mú lọ́wọ́. Ìdíje kan ṣoṣo ló sanwó fún, kì í ṣe "gba owó yìí máa ta lọ". Ó rí ìdajì ẹ̀ gbà lódindi. Ṣùgbọ́n ìdajì tó bọ́ sọ́wọ́ Ungar, kò pé ọdún tó fi jó tán. Ní 1998 Baxter tún san $10,000 fún un, ó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Ungar ní ó rẹ òun, òun ò ní lè wá, Baxter yọ owó ẹ̀. Ní November ọdún yẹn ni wọ́n bá Ungar ní mọ́tẹ̀ẹ̀lì kan ní Vegas, ó ti kú, ọdún 45. Baxter ò ṣàṣìṣe kankan nídìí owó tiẹ̀ o. Ibi tí agbára ẹ̀ parí sí náà ni.

Torí náà ohun tí èmi máa ṣe ni pé mi ò ní gbé £4,000 kalẹ̀. Màá ra ìpín lára ẹ̀. Ká ní ó fẹ́ wọ tọ́námẹ́ǹtì £100, ẹ ra ìdajì, £50, ẹ lọ san án pẹ̀lú ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, òun náà kó £50 tiẹ̀ sílẹ̀ láti owó iṣẹ́. Nottingham lẹ wà, Dusk Till Dawn wà níbẹ̀, ibi póòkà gan-an ni. Tó bá gbowó, ìdajì ni tiyín, kò sí makeup, kò sí gbèsè, ilẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tán. Tó bá ní kẹ́ ẹ san £60 fún ìpín £50, markup nìyẹn, owó tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ń gbà lórí orí ara ẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sọ fún un pé November ti jẹ markup ẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, kó tiẹ̀ jẹ́ WhatsApp. Ní 2006 Jamie Gold gba $12 million nínú World Series of Poker yẹn kan náà, èèyàn 8,773 ló wọ ìdíje ọdún yẹn, ni ọkùnrin kan, Crispin Leyser, bá ní ìdajì ẹ̀ tòun ni. Ẹnu ni wọ́n fi ṣàdéhùn. Voicemail tí Gold fi sórí fóònù ẹ̀ ló rí mú lọ sílé ẹjọ́, ìyẹn ló gbà á, wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn ní 2007. Ní ilẹ̀ Britain níbí náà, látijọ́, kóòtù kì í dá sí àdéhùn tẹ́tẹ́, láti September 2007 ni Gambling Act ti jẹ́ kó ṣe é pẹjọ́ lé lórí. Mi ò ní kẹ́ ẹ pe àbúrò ọkọ yín lẹ́jọ́ o, Màmá Ṣàgámù á bú mi.

Màmá Àgbà Ṣàgámù:

Mo ti ń bú ọ tipẹ́.

Ìyá Ìbejì Notts:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ń rẹ́rìn-ín mo sì ń gbọ̀n. Mo lọ wo gíráàfù yẹn lẹ́ẹ̀kejì o. November ò sí nínú ẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà níbẹ̀, ti kásínò ò tiẹ̀ sí nínú ẹ̀ rárá, mo sì bi í, ó ní ìwé kékeré kan lòun ń kọ ti kásínò sí, ìwé ọ̀hún ti sọnù.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìpín yẹn. Màá sọ fún un lọ́jọ́ Sátidé.

Mo Ti Jáwọ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó sọ fún un. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà.

Gbogbo yín ń sọ nípa póòkà. Ohun tí èmi rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni £80 yẹn. Ẹni tó ti pàdánù £3,100 lórí póòkà tó sì wá kó £80 ìkẹyìn lé rúlẹ́ẹ̀tì, póòkà kọ́ ló ń ṣe é. Mo mọ̀ torí bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe. Mo mọ póòkà ta o, ìdí tí kò fi sẹ́ni tó fura sí mi nìyẹn, pẹ̀lú èmi fúnra mi. Mo máa ń jèrè lórí póòkà látàárọ̀, aago méjì òru màá wà lórí fóònù nínú balùwẹ̀, màá máa tẹ àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ aláwọ̀ mèremère yẹn, £20, £20, £20, omi á máa dà nínú ṣáwà kí ìyàwó mi lè rò pé mò ń wẹ̀.

Ẹ má béèrè gíráàfù lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ẹ ní kó ṣí statement ilé ìfowópamọ́ ẹ̀ lójú yín, oṣù mẹ́ta, gbogbo àkáǹtì tó ní, kì í ṣe fọ́tò tó bá yà wá. Ibẹ̀ ni ẹ máa rí i. Tó bá mọ́, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ ìpín yín lọ, ẹ ò rí mi sọ nǹkan kan.

Tí kò bá mọ́, GamStop wà. Ọ̀fẹ́ ni, ó máa tì í mọ́ta lórí gbogbo ibi tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní láísẹ́ǹsì ní Britain, oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún, kò sì ṣe é yí padà kí ìgbà tó pé. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ o, kò mọ póòkà yàtọ̀ sí rúlẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ ló máa tì. Òun náà á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, pé "iṣẹ́ mi ni yóò bá a lọ". Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi náà. Ti kásínò tí à ń fẹsẹ̀ rìn wọ̀, SENSE lorúkọ tiẹ̀, wọ́n máa ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ bákan náà. Ilé ìfowópamọ́ náà ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dí owó tẹ́tẹ́ lórí káàdì, ọ̀pọ̀ wọn ló ní in báyìí.

Káàdì Ò Purọ́:

Àbúrò, o ṣeun. Mi ò rí £80 yẹn. Mo kà á, mo sáré kọjá lọ síbi tí owó ńlá wà. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣe ohun tó sọ kẹ́ ẹ tó ṣe tèmi.

Ìyá Ìbejì Notts:

Ẹ má bínú pé mo pẹ́, àwọn ìbejì lótùútù.

Ó wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo se ẹ̀wà torí mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn ẹ̀, ó sì tún jẹ́ kí ọwọ́ mi rí nǹkan ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ìpín, inú ẹ̀ ò dùn, ó ní £50 kì í ṣe owó téèyàn fi ń ṣiṣẹ́, ó ní "Àǹtí mi, ẹ ò gbà mí gbọ́ ni." Mo ní mo gbà ọ́ gbọ́, ṣí báńkì rẹ ká jọ wò ó. Ó ní èwo ni ti báńkì nínú póòkà. Mo dákẹ́. Nǹkan tó ṣòro fún mi jù nílé ayé ni kí n dákẹ́, ẹ bi ọkọ mi. Mo kàn ń ro ẹ̀wà.

Ó pẹ́ kó tó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ṣí i, ó sún un sọ́dọ̀ mi, ó sì dìde lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Bí arákùnrin yẹn ṣe sọ gẹ́lẹ́. £20. £20. £50. £20. Gbogbo ẹ̀ aago méjì òru, aago mẹ́ta òru. Mo kà á dé 41 ní December nìkan, mo wá rí £1,200 kan tó wọlé ní ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ̀yáwó tí wọ́n ń yá lórí fóònù, tí èlé ẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Bó ṣe ń fi gíráàfù hàn mí ní January, gbèsè yẹn wà lọ́rùn ẹ̀. Mo wá mọ ìdí tó fi sáré gba gbogbo òfin mi. Kò sí èyí tó kan ibi tó ń dùn ún nínú ẹ̀.

Mi ò pariwo. Ó ní àwọn yẹn ò sí nínú àdéhùn wa, tẹ́tẹ́ kékeré ni, òun fi ń pa ìrònú rẹ́ ni. Ọkọ mi ló jáde láti yàrá, ẹni tó ní kí n má dárúkọ òun, mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Kò bínú sí i. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní "Èèló ni gbogbo ẹ̀?" Ó ní £1,900 pẹ̀lú èlé. Ọkọ mi ní "Gbogbo ẹ̀ ni mo wí." Ó ní £2,600.

A ò fún un ní £4,000, Màmá Ṣàgámù, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkọ mi á san ẹ̀yáwó yẹn tààrà fún àwọn tó yá a, díẹ̀díẹ̀, kò ní gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá. Òun fúnra ẹ̀ ló fi orúkọ ara ẹ̀ sí GamStop lórí tábìlì wa, ọkọ mi fẹ́ ọdún márùn-ún, òun fẹ́ oṣù mẹ́fà, wọ́n fà á títí, ọdún kan ni wọ́n fi sí. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n lórí bọ́tìnì yẹn. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán ó dìde, kò jẹun, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni kò gbé ìpè mi. Ọkọ Kékeré mi tó jẹ́ pé tí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kan ó ti dáhùn.

Àná ni mo rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹ̀ lórí WhatsApp, kò kí mi, kò sọ nǹkan míì: "Àǹtí mi, ṣé ẹ̀wà yẹn ṣì kù?"

Ó ti tán látọjọ́ Monday. Mo ní ó kù, mo sì lọ rẹ òmíràn sómi.